Iná Tó Ń Mí Níta

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Wisconsin àti Iowa ní Amẹ́ríkà, ó ṣòro kí èèyàn wakọ̀ gba ìgbèríko kọjá kó má rí ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi páànù bò látòkè délẹ̀, tó dá dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé olópòó ni. Wọn kì í gbẹ́ ìpìlẹ̀ yí i ká bí a ti ń ṣe fún ilé gbígbé. Òpó igi ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ jìnnà, kí ilẹ̀ tó ń dì ní ìgbà òtútù má bàa tì í sókè. Wọn á fi pákó so òpó pọ̀ mọ́ òpó, wọn á gbé igi òrùlé lé e, wọn á sì kan páànù mọ́ gbogbo rẹ̀ lára. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí owó sì wọ́n àwọn àgbẹ̀, ni irú ilé yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, nítorí pé igi tó ń gbà kò pọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gbà kò sì pọ̀. Ẹran ọ̀sìn, koríko gbígbẹ àti katakata ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kò sí ẹni tó ro ti èèyàn tí yóò dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kìíní.

Ayé yí, abà di ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni káfíńtà ti ń la pákó, ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni ẹni tó ń jó irin ti ń ṣe géètì. Ọmọ Yorùbá tó bá fìdí kalẹ̀ sí agbègbè náà, tó sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ilé lọ, kò ní pẹ́ mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù pákó kì í mú mọ́ tí ọjọ́ bá tutù kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 50 Fahrenheit, ìyẹn 10 Celsius. Á gbẹ, á di ẹfun, igi méjì tí a lẹ̀ pọ̀ á sì yà. Ọ̀dà kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Èyí tó wá léwu jù ni pé ìka ọwọ́ kò ní mọ nǹkan lára mọ́, ẹni tí ìka rẹ̀ kò sì mọ nǹkan lára kò yẹ kó dúró nídìí ayùn oníná. Híítà kì í ṣe fàájì níbẹ̀. Ara irinṣẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí orí yìí fi yé wa kò ju ẹyọ kan lọ: iná tó ń mú ṣọ́ọ̀bù gbóná gbọ́dọ̀ máa mí afẹ́fẹ́ láti ìta, kó sì máa tú èéfín rẹ̀ padà síta. Iná àti èèyàn kò gbọdọ̀ jọ máa pín afẹ́fẹ́ kan náà nínú ilé tí a sé pinpin. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ ọ̀rọ̀ iná kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò.

Kí a tó tan iná

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó wọ́pọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìbú, 40 ní gígùn, ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1,400 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó, àjà jẹ́ 1,200. Ìta tutù dé 0 Fahrenheit, àwa sì fẹ́ kí inú ilé wà ní 60. BTU ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn ooru: BTU kan ni ooru tó lè mú omi tó wúwo tó pọ́n-ùn kan gbóná sí i ní ìwọ̀n Fahrenheit kan péré. Páànù kì í dá ooru dúró. Afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ nínú àti lóde nìkan ló ń gbìyànjú díẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ilé páànù lásán yìí yóò máa sọ ooru tó lé ní 180,000 BTU nù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ara ògiri àti òkè nìkan, kí a tó mẹ́nu kan atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Ohun tí wọ́n fi ń dá ooru dúró, bíi òwú fáíbà tàbí fóòmù tí wọ́n ń fín mọ́ ara ògiri, máa ń ní nọ́ńbà kan lára tí lẹ́tà R ṣíwájú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe ń pẹ́ kó tó sá. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìbú-òun-òró ògiri ṣe ìlọ́po ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru inú àti tìta, kí ẹ sì fi R pín in. Tí a bá fi R-19 sí ògiri ilé tí a ń sọ yìí, tí a fi R-38 sí àjà, 1,400 nígbà 60, tí a fi 19 pín, jẹ́ nǹkan bí 4,400. Ti àjà kò tó 1,900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,300 níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ 180,000 lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, etí ilẹ̀ símẹ́ńtì àti atẹ́gùn yóò fi tiwọn kún un, gbogbo rẹ̀ á sì tó nǹkan bí 30,000 BTU ní wákàtí kan. Híítà kékeré kan á kápá ìyẹn. Ẹni tó bá fi èyí sílẹ̀, tó lọ ra híítà ńlá kó sínú ilé páànù lásán, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ta òwú fáíbà kì í sábà sọ. Òwú náà ń dá ooru dúró, kì í dá oru omi dúró. Oru omi inú ilé á gba inú òwú kọjá, á kan páànù tó tutù lẹ́yìn rẹ̀, á sì di omi níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà ní iwájú òwú, ní apá ibi tó móoru, kí wọ́n sì lẹ ojú ibi tí ọ̀rá ti pàdé ọ̀rá pa. Òwú tó bá rin kò níye lórí mọ́, igi tó wà nídìí rẹ̀ á sì máa jẹrà níbi tí ojú kò tó.

Ohun tí iná ń bí

Propane ni ọ̀pọ̀ ilé ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò, nínú táńkì ńlá tó wà níta; ìbátan gáàsì ìdáná tí àwa náà ń rà nínú sílíńdà ni. Tí propane bá jóná tán pátápátá, nǹkan mẹ́ta ló ń bí: ooru, kábọ̀n dáyọ́sáìdì, àti omi. Omi yẹn ni èèyàn kì í retí. Gálọ̀nù propane kan, nígbà tó bá jó tán, á ti bí omi tó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gálọ̀nù. Gálọ̀nù kẹ́rosìn kan ń bí omi tó tó gálọ̀nù kan gan-an. A kì í rí omi náà torí oru ló jẹ́ nígbà tó ń jáde.

Wàyí o, oríṣi híítà kan wà tí wọ́n ń tà káàkiri tí kò ní páìpù èéfín rárá. Wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, á máa jó sínú yàrá. Àwọn tó ń tà á máa ń yìn ín pé gbogbo ooru rẹ̀ pátá ló ń dúró sínú ilé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n gbogbo omi rẹ̀ náà ń dúró síbẹ̀. Èyí tó jẹ́ 30,000 BTU, tó bá jó fún wákàtí mẹ́jọ, á tú nǹkan bí gálọ̀nù omi méjì sínú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ní òru, tí wọ́n bá pa á tí ilé sì tutù, omi náà á lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá tutù jù: abẹ́ páànù, ojú tábìlì irin ayùn, ọbẹ ìfági, inú àpótí irinṣẹ́. Lówùúrọ̀, ìpẹtà ló máa kí onílé káàárọ̀, ẹ̀kán omi á sì máa já láti òkè bí ilé bá ti ń móoru. Híítà kẹ́rosìn gbọọrọ tí ń pariwo, tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò níbi tí wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn sí, ń ṣe bákan náà, ó tún ń fi òórùn kún un. Níta gbangba ni ààyè rẹ̀.

Omi ń ba irinṣẹ́ jẹ́. Ohun mìíràn wà tí iná lè bí, èyí ń pa èèyàn. Tí ọ́síjìn kò bá tó iná lò, tàbí tí ojú iná bá dí, kábọ̀n tó yẹ kó rí ọ́síjìn méjì mú á mú ẹyọ kan ṣoṣo. Kábọ̀n mọnọ́sáìdì nìyẹn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú, kì í mú èèyàn wúkọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, himoglóbìn ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Agbára tó fi ń di gáàsì yìí mú sì ju èyí tó fi ń di ọ́síjìn mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Gáàsì náà á gba ìjókòó ọ́síjìn, kò sì ní tètè dìde. Ẹ̀jẹ̀ á máa yí lọ, ọkàn á máa lù, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò ní rí ohun tó fẹ́ gbà. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á dé, inú á máa rú, ara á wúwo. Ẹni tó ti ń gbẹ́ igi láti àárọ̀ á ní ó ti rẹ òun ni, tàbí pé òtútù ló ti wọ òun lára. Bó bá jókòó láti sinmi díẹ̀, ó lè má dìde mọ́.

Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, John Scott Haldane, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò gáàsì yìí ní àwọn ọdún 1890, ó ń mí i símú, ó sì ń kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀. Òun ló gbani nímọ̀ràn pé kí àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ máa mú ẹranko kékeré dání, torí pé ara ẹranko kékeré ń tètè gbà á ju tèèyàn lọ. Títí di 1986 ni àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gbé ẹyẹ kánárì wọ ihò èédú.

Àwa tí a wà nílé mọ gáàsì yìí, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, tí gbogbo ará ilé sì sùn tí wọn kò jí. Òun ló wà nínú yàrá tí wọ́n gbé ìkòkò èédú sí lọ́jọ́ ọyẹ́, tí wọ́n sì ti fèrèsé. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC tó ń rí sí ìlera ará ìlú sọ pé ó ń pa èèyàn tó lé ní 400 lọ́dún, láìka àwọn tó kú nínú ìjàmbá iná. Orílẹ̀-èdè olówó ni, ìmọ̀ wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló rí. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i tí ẹnì kan ń sọ pé fèrèsé tí òun ṣí díẹ̀ ti tó.

Àwọn híítà tí kò ní páìpù wọ̀nyẹn máa ń ní ohun kékeré kan tó ń pa iná tí ọ́síjìn yàrá bá sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 18 nínú 100, láti orí 21 tó yẹ kó jẹ́. Ó dára kó wà, ṣùgbọ́n kábọ̀n mọnọ́sáìdì kọ́ ló ń wọ̀n. Iná tí ìyẹ̀ pákó ti dí lójú lè máa tú u jáde nígbà tí ọ́síjìn yàrá ṣì pọ̀.

Èwo ni ká rà?

Èyí tí mo fara mọ́ jù fún ṣọ́ọ̀bù igi ni híítà tí ibi tí iná ti ń jó nínú rẹ̀ dé pinpin. Páìpù méjì ló ní. Ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta fún iná, èkejì ń tú èéfín síta. Afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù á kàn gba ara irin gbígbóná kọjá ni, fáànù á sì fẹ́ ẹ padà, kò ní fojú kan iná. Ìyẹ̀ pákó kò ní wọ ibi tí iná wà, oru tínà àti fáníṣì kò ní bá a pàdé, omi tí iná bí á sì bá èéfín lọ. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ 45,000 BTU sí lára lè jẹ́ iye epo tó ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé ìdá 80 nínú 100 ló ń sọ di ooru, 36,000 ló ń gbé wá sínú ilé. Fún ilé tí a ṣírò lókè, ìyẹn tó. Ẹ má rà á jù: híítà tó tóbi jù ilé lọ á máa tàn, á máa kú, á sì tètè gbó.

Híítà onírọ́bótó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ àjà tún wà, tí irin rẹ̀ ń gbóná gan-an tó sì ń ta ooru sísàlẹ̀. Kì í mú afẹ́fẹ́ gbóná. Ohun tí ìtànṣán rẹ̀ bá bà ló ń gbóná, ìyẹn ilẹ̀, tábìlì, èèyàn. William Herschel ló kọ́kọ́ rí irú ìtànṣán yìí ní 1800, nígbà tó gbé ohun ìwọn-ooru sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa tí oòrùn yọ láti ara dígí, tó rí i pé ibi tí ojú kò rí àwọ̀ kankan ló gbóná jù. Híítà yìí dára púpọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá léraléra, torí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá jáde, ilẹ̀ símẹ́ńtì ṣì ń móoru. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àjà tó ga, ohunkóhun tó lè jóná kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nítòsí. Pákó tí wọ́n tò dókè àjà àti híítà yìí kò lè jọ gbé.

Ẹni tí ilé rẹ̀ kékeré lè lo iná mànàmáná kó sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ èéfín. Híítà 5,000 watt lórí 240 volt ń fún wa ní nǹkan bí 17,000 BTU. Ó ń fa nǹkan bí ampere 21, torí náà ó fẹ́ bíréékà 30 tirẹ̀ àti wáyà bàbà nọ́ńbà 10. Kò sóhun tó ń jẹ́ kí a so ó mọ́ okùn ìfàgùn. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn láti mú ilé gbóná náà dára, iná tó ń jẹ kò sì pọ̀, àfi pé ìyẹ̀ pákó máa ń tètè dí i, bí òtútù bá sì ti ń le sí i ni ooru tó ń mú wá ń dín kù. Ààrò onígi ni kí ẹ gbàgbé. Mo mọ̀ pé igi wẹ́wẹ́ pọ̀ nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n iná gbangba níbi tí ìyẹ̀ igi àti fáníṣì wà kò bójú mu, ìlànà ààbò Amẹ́ríkà kò sì gbà á láàyè níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò náà yóò béèrè.

Ọjọ́ tí a bá ń gbé e kọ́

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí fa páìpù gáàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù. Ibi tó bá ń hó ni gáàsì ti ń jò. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan ààbọ̀, torí náà tó bá jò, ilẹ̀ ló ń ràkò sí, inú kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ló sì máa kó jọ sí. Oru bẹntiróò náà ń ràkò nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ohunkóhun tó lè ta iná ga ju ilẹ̀ lọ ní íǹṣì 18, ó kéré tán, níbi tí ọkọ̀ ń wọ̀. Èyí tí a so mọ́ àjà ti kọjá ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó ga má ṣe lè kàn án.

Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìwé ẹ̀rọ náà dárúkọ. Híítà tó ń lo ìdá 80 ń tú èéfín gbígbóná, irin tí kì í pẹtà ló sì ń fẹ́. Èyí tó ń lo ìdá 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti gba ooru púpọ̀ lára èéfín débi pé omi ń sun nínú rẹ̀; ó lè lo páìpù rọ́bà líle, ṣùgbọ́n omi náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń gbà lọ tí kò ní dì pa. Ẹ gbé ẹnu páìpù ga ju ibi tí yìnyín ń kó jọ dé lọ. Ẹ yọjú sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, torí ẹyẹ àti agbọ́n fẹ́ràn láti kọ́lé síbẹ̀.

Ìyẹ̀ pákó tó fẹ́lẹ́ lè bú gbàmù tó bá kún inú afẹ́fẹ́ tó sì rí iná. Ní oṣù Kejì 2008, ìyẹ̀ ṣúgà, ṣúgà tí à ń jẹ, ló bú gbàmù ní ilé iṣẹ́ Imperial Sugar ní Port Wentworth, ní ìpínlẹ̀ Georgia, èèyàn 14 sì kú. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé kò tó ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ máa gbá orí híítà àti orí igi àjà. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ fín fáníṣì, ẹ pa híítà pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ onípáìpù méjì. Mọ́tò fáànù rẹ̀ àti bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì lè ta iná.

Ẹ wá fi aago tó ń kéde kábọ̀n mọnọ́sáìdì kọ́ ara ògiri. Bí wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà, bí gáàsì náà bá tó 70 nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, á dún láàárín wákàtí kan sí mẹ́rin. Bó bá tó 400, á dún láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 15. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó rà á, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò ṣe fún ibi tó tutù ju ìwọ̀n 40 Fahrenheit lọ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n pa híítà rẹ̀ lóru sì ń tutù jù bẹ́ẹ̀. Tó bá dún, ẹ má dúró wá ibi tó ti ń jò, ẹ má sì padà lọ pa ẹ̀rọ. Ẹ jáde, ẹ ka ara yín, ẹ pe 911 láti ìta, kí ẹ sì sọ fún wọn bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó ń gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Pẹ̀lú ọ́síjìn ilé ìwòsàn, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni.